Nígbà Tí Àlejò Bá Lọ Tán, Kí Ló Sùn Ní Àdúgbò?

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn afinimọ̀nà, ọlọ́kọ̀ ojú omi, olóúnjẹ àti àwọn olórí ẹbí onílé, ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ tí ẹ gba orí ọ̀sà wá láti apá Makoko àti Èbúté Mẹ́tà, ẹ kú ewu omi. Ẹ̀yin afinimọ̀nà, ẹ kú ẹsẹ̀ rírìn nínú oòrùn. Ẹ̀yin ìyá olóúnjẹ, ẹ kú èéfín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn, ẹ sún mọ́ iwájú o; ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju gbogbo wa lọ, ẹ̀yin lẹ máa gbé ìlú yìí pẹ́ jù.

Èkó àkéte, ilé ọgbọ́n. Èkó arómisá lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ. Ìlú tó ti ń gbàlejò kí wọ́n tó bí bàbá ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá síbí lónìí, ẹ óò gbọ́ ọ títí yóò fi sú yín: nígbà tí àlejò bá lọ tán, kí ló sùn ní àdúgbò? Mi ò bèèrè iye èèyàn tó wá. Mi ò bèèrè fọ́tò tó gun orí Instagram. Èló ló sùn níbẹ̀? Igi wo ló hù? Òrùlé wo ni kò jò mọ́? Ọ̀rá mélòó ló sùn sínú ẹrẹ̀?

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ wa pé kí arìnrìn-àjò afẹ́ má ṣe ba nǹkan jẹ́. Kó wá jẹ́ẹ́jẹ́, kó lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tiẹ̀ ya gbogbo ọdún 2017 sọ́tọ̀ fún irú ẹ̀kọ́ yẹn. Ó dára. Àmọ́ ibi tó ti bàjẹ́ kí àlejò tó dé ńkọ́? Ẹni tó wọ ilé tó ń jò, tó jókòó síbi tí kò jò, tó dìde lọ láì fọwọ́ kan nǹkan kan, lóòótọ́ kò ba nǹkan jẹ́. Ilé ṣì ń jò. Ohun tí a ń sọ báyìí kọjá ìyẹn: kí wíwá àlejò fi ibẹ̀ sílẹ̀ ju bó ṣe bá a lọ. Èmi á máa pè é ní ìrìn-àjò afẹ́ atúnlùúṣe, torí Yorùbá ti mọ ẹni tó ń tún ìlú ṣe tipẹ́.

Èèwọ̀ ló ń bu iyì kún ibi

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Ẹ̀yọ̀ bá jáde, ta ló ń bi àlejò bóyá ó wù ú kó bọ́ bàtà? Kò sí. Bàtà á kúrò lẹ́sẹ̀. Obìnrin kò ní di ṣùkú jáde. Ẹnikẹ́ni kò ní mu sìgá níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní gun kẹ̀kẹ́ kọjá. Ẹni tó bá fọwọ́ pa òfin lójú, ọ̀pámbàtà wà lọ́wọ́ Ẹ̀yọ̀, gbogbo yín lẹ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ṣé èèwọ̀ yìí lé àlejò lọ? Rárá o! Ọmọ Èkó ń ti Lọ́ńdọ̀nù wọ bàálù wá. Òyìnbó ń wá. Èèwọ̀ yẹn gan-an wà lára ohun tí wọ́n wá wò.

Ẹ wá fi wé bí a ṣe ń gbàlejò létí òkun àti ní àdúgbò orí omi. Ọkọ̀ á gúnlẹ̀, ogún èèyàn á bọ́ sílẹ̀, gbogbo wọn á na fóònù sókè. Ìyá tó ń yan ẹja nínú èéfín, tí kò tíì wẹ̀ láti àárọ̀, ni wọ́n ń yà. Ọmọdé tó wa ọkọ̀ lọ ra iyọ̀ ni wọ́n ń yà. Àlejò lójú, kò fi ríran. Mi ò dá a lẹ́bi. Àwa tí a gba owó rẹ̀, tí a ò sọ èèwọ̀ fún un, àwa la jẹ̀bi.

Palau, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan ní Òkun Pàsífíìkì, ṣe ohun tó jọ ti Ẹ̀yọ̀. Láti òpin ọdún 2017 ni wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ kan sínú ìwé ìrìnnà gbogbo àlejò. Ẹ̀jẹ́ ló wà nínú òǹtẹ̀ náà, àwọn ọmọdé ìlú ni wọ́n darí rẹ̀ sí, àlejò á sì fọwọ́ sí i pé òun ò ní ba ilé wọn jẹ́ kó tó wọlé. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: kó tó wọlé. Ibi tí tiwa ti ń yí nìyẹn. Tí a bá dúró dìgbà tí àlejò ti sọ̀ kalẹ̀ kí a tó sọ pé ẹ ò lè ya fọ́tò, ìjà ló ń dá, torí lójú tirẹ̀, ó ti sanwó, ó ti ra gbogbo rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ ní jẹ́tì kí ọkọ̀ tó ṣí. Kí òfin má ju mẹ́rin lọ, kó wà lára pátákó ní Yorùbá, ní Ẹ̀gùn àti ní Gẹ̀ẹ́sì: kí ẹ tó ya èèyàn, ẹ bi í, ẹ má ya ojú ọmọdé, ohun tí ẹ kó wá, ẹ kó o padà, ẹ ò gbọdọ̀ há owó tàbí súìtì fún ọmọdé. Ti ìkẹyìn yìí máa ń dun àwọn aláàánú. Ẹ ṣàlàyé fún wọn pé ọmọ tó rí owó gbà lọ́wọ́ àlejò láàárọ̀ kò ní lọ sílé ìwé, ojú ọ̀nà ọkọ̀ ni yóò máa wò.

Èèwọ̀ tó le jù ni ti iye. Àlejò mélòó ni ibi kan lè gbà? Ní Thailand, etíkun kan wà tó ń jẹ́ Maya Bay. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń ya bò ó lójoojúmọ́, ìdákọ̀ró àwọn ọkọ̀ ń fọ́ iyùn abẹ́ omi. Ìjọba tì í pa ní oṣù kẹfà ọdún 2018. Ẹja àkùràkudà tó ti sá lọ padà wá. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní oṣù kìíní ọdún 2022, wọ́n ní èèyàn 375 péré ni yóò máa wọlé lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ kankan kò sì gbọ́dọ̀ gba iwájú wọlé mọ́, ẹ̀yìn ni kí wọ́n gúnlẹ̀ sí. Títí di báyìí, wọ́n ṣì ń tì í ní gbogbo ọdún kí ó lè sinmi.

Ẹ má ti orí mú iye tiyín o. Ẹ wo ohun tó kéré jù ní ibẹ̀, òun ló máa sọ fún yín. Ẹ jẹ́ ká fi ilé ìgbẹ́ ṣe é, torí òun ni kò sẹ́ni tó fẹ́ dárúkọ. Ilé ìgbẹ́ méjì ló wà. Àlejò á lo wákàtí mẹ́ta. Ẹnì kan, títí kan ọwọ́ fífọ̀ àti omi dídà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èèyàn 18 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbà, 36 ni méjèèjì. Ẹ mú 30, kí àyè lè wà. Tí ẹ bá kó 80 wá, ibo ni 44 tó kù fẹ́ ṣe é sí? Ẹ mọ ibẹ̀. Inú ọ̀sà tí a ti ń pẹja fún wọn jẹ ni. Ilé ìgbẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ ní táńkì tí wọ́n ń fà lọ dà sórí ilẹ̀. Ihò orí omi kì í ṣe ilé ìgbẹ́. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì náà ní iye tirẹ̀: iye tó bá wà tó pé, tí okùn rẹ̀ ò já, òun ni iye èrò.

Owó tó sùn àti owó tó kọjá

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí owó, mo rí i pé ojú ti ń là.

Àpẹẹrẹ ni mo fẹ́ ṣe, kì í ṣe ìṣirò ẹnikẹ́ni níbí. Àlejò 10, ₦20,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦200,000 nìyẹn. Ọkọ̀ àti epo gba ₦70,000. Oúnjẹ gba ₦50,000. Afinimọ̀nà gba ₦30,000. Àpótí àdúgbò gba ₦20,000. Ìdọ̀tí kíkó àti ilé ìgbẹ́ gba ₦10,000. ₦20,000 tó kù jẹ́ ti ẹni tó polówó, tó ń gbé fóònù, tó kó àlejò jọ.

Ó dáa. Ta ló ni ọkọ̀? Tí ọkọ̀ bá ti Victoria Island wá, tí oúnjẹ bá ti inú kúlà wá, tí afinimọ̀nà kì í sì í ṣe ọmọ ibẹ̀, ₦30,000 péré ló sùn ní àdúgbò. Tí ọkọ̀ bá jẹ́ ti ọmọ àdúgbò, tí àwọn ìyá ibẹ̀ bá sè é, tí ọmọ ibẹ̀ bá fi ọ̀nà hàn, ₦180,000 ló bọ́ sọ́wọ́ wọn. Epo á mú lára rẹ̀ jáde, òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó ń wa epo ní Makoko. Síbẹ̀, àlejò kan náà ni, iye kan náà, omi kan náà. Ibi tí owó sùn ló yàtọ̀.

Kí ló dé tí àwọn tó ń kó àlejò kì í fi í ra oúnjẹ àdúgbò? Ẹ má bínú sí wọn kí ẹ tó gbọ́. Wọ́n ń bẹ̀rù pé oúnjẹ ò ní tètè jinná, àti pé inú á run àlejò. Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ béèrè oúnjẹ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ìdajì owó dé ọwọ́ olóúnjẹ lọ́jọ́ náà, torí owó ọjà ni kì í sí. Oúnjẹ méjì péré ni kó wà, kí ó má di ilé oúnjẹ ńlá. Omi tó ti hó ni kí wọ́n fi fọ àwo. Garawa oníhò pẹ̀lú ọṣẹ kó wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí ẹja jáde látinú iná sórí àwo, kó má dúró. Èyí tó ń dá inú rírun sílẹ̀ jù ni ata àti ẹja tí wọ́n sè láàárọ̀ tí wọ́n ń tọ́jú sínú ìkòkò dídé títí di aago méjì ọ̀sán.

Àpótí àdúgbò ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlú ti ń ṣubú. Ní Rwanda, ìwé àṣẹ àtiwo ìnàkí ńlá inú igbó di 1,500 dọ́là ní ọdún 2017. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gbé ìpín àwọn ará abúlé tó yí igbó ọba ká kúrò ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún sí ìdá 10. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ kì í ṣe iye. Ó jẹ́ pé ìpín ni, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó ń gbin ọ̀dùnkún lẹ́bàá igbó mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe sàárà tí ọ̀gá kan ń ta síni nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn.

Àwa náà mọ bí wọ́n ṣe ń pa owó mọ́. Ta ni kò dá àjọ rí nínú yín? Ẹ lo ọgbọ́n aláàjọ. Kí ẹni mẹ́ta máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ẹlẹ́ja, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ àwọn apẹja, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Kí wọ́n má jẹ́ ọmọ ilé kan náà. Kí pátákó dúdú kan wà níta, kí wọ́n fi ẹfun kọ ọ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé: èyí tó wọlé, èyí tó jáde, ohun tí wọ́n fi ṣe. Tí owó bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, bó ti wù kó jẹ́ ọmọlúàbí tó, ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ bá ṣàìsàn ni àpótí máa ṣófo.

Ọ̀rọ̀ kan tó korò rèé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n gbà á kọjá. Àlejò tó san owó ní jẹ́tì, tó tún san owó ilẹ̀ nígbà tó gúnlẹ̀, tó tún pàdé àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta lórí afárá pátákó tí wọ́n ní kó san owó kámẹ́rà, ṣé ẹ rò pé ó máa padà wá? Yóò lọ sọ fún ogún èèyàn. Rìsíìtì kan, iye kan, kí àwọ̀ rẹ̀ máa yí padà lóṣooṣù. Àwọn ọmọkùnrin yẹn, ẹ má lé wọn. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ títún afárá ṣe, kí owó wọn wà nínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rá, ẹ̀gbà àti ìjàpá òkun

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sínú ẹrẹ̀.

Àlejò 10 yẹn, ooru ń mú, ẹnì kọ̀ọ̀kan á mu lítà méjì omi láàárọ̀ ṣúlẹ̀. Lítà 20 nìyẹn. Omi inú ọ̀rá jẹ́ ìdajì lítà, ìyẹn ọ̀rá 40 nínú ọkọ̀ kan. Ẹ ka iye tó padà dé jẹ́tì lọ́jọ́ kan, yóò yà mí lẹ́nu tó bá pé 25. Kì í ṣe pé àlejò jù ú sómi. Ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ìjókòó, ọkọ̀ sáré, atẹ́gùn gbé e. Kẹ́ẹ̀gì 20 lítà kan ṣe iṣẹ́ ọ̀rá 40, pẹ̀lú ife onírin mẹ́wàá tí ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí. Ti oúnjẹ rọrùn jù: ìjọba ìpínlẹ̀ ti fòfin de fóòmù tí a fi ń bu oúnjẹ láti oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n sì ti fi ṣíbí oníke àti ike ìfàmu kún un láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025. Ewé eéran tí ẹ fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín wà lọ́jà, ó sì rẹwà nínú fọ́tò ju fóòmù lọ.

Ó kan ẹ̀gbà. Ẹ̀gbà, igi tó ń na gbòǹgbò sínú omi bí ẹsẹ̀ alákàn. Àárín gbòǹgbò rẹ̀ ni ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí kó tó dàgbà, òun ló ń fọ́ agbára ìgbì kó tó dé ilé. A ti gé e fi dáná ẹja, a ti da yanrìn bò ó. Àlejò fẹ́ràn láti gbin igi, torí fọ́tò rẹ̀ ń dùn. Àmọ́ ẹ̀gbà kì í hù nítorí fọ́tò.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Èso ẹ̀gbà ti ń hù lórí ìyá rẹ̀ kó tó já bọ́. Ó gùn bí ọ̀pá, orí rẹ̀ kan mú. Ẹ má já a. Ẹ gbọn ẹ̀ka díẹ̀, èyí tó bá já fúnra rẹ̀ ló gbó. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tí kòkòrò ti lu, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àpò tútù lábẹ́ ibòji, kó má pé ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó gbìn ín. Ẹ ki ẹnu rẹ̀ tó mú bọ ẹrẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta ni kó wọlé, kó dúró ṣánṣán. Mítà kan sí mítà kan ààbọ̀ láàárín igi méjì. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló dára, oṣù karùn-ún sí ìkẹfà, torí ní ẹ̀ẹ̀rùn iyọ̀ òkun máa ń wọ inú ọ̀sà gan-an, oòrùn á sì pa ọmọ igi.

Kí ló ń pa á jù? Ibi tí wọ́n gbìn ín sí ni. Ẹrẹ̀ gbalasa tó wà níwájú, tí kò sẹ́ni tó ni ín, tí kò sí ìjà lórí rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kó àlejò lọ. Omi bo ibẹ̀ jù. Ẹ̀gbà fẹ́ kí omi wá kó sì lọ. Èyí tí omi bò láti àárọ̀ dalẹ́ á rì, á kú. Ẹ dúró dìgbà tí omi bá fà, ẹ wo ibi tí ẹ̀gbà àtijọ́ dúró sí, ẹ gbìn ín sí ìpele kan náà, kí ẹ má lọ ju bẹ́ẹ̀ lọ sínú omi. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rá: omi á gbé e wá, á fi ọrùn ọmọ igi so, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rá, ìgbì ọkọ̀ yín, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀. Ẹ́ńjìnnì ńlá tó ń sáré kọjá ní mítà mẹ́wàá sí ibi tí wọ́n gbìn ín á fà á tu láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ rọra níbẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi, ó sì lè má dùn mọ́ gbogbo èèyàn: ẹ dín gbígbìn kù, ẹ fi títọ́jú kún un. Ẹ jẹ́ kí àlejò ọjọ́ Sátidé yọ ọ̀rá kúrò lọ́rùn igi tí àlejò oṣù mẹ́ta sẹ́yìn gbìn. Ẹ sanwó fún ẹnì kan tó ń gbé nítòsí kó máa wò ó ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ẹ kà á nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ta, nígbà tó bá pé oṣù mẹ́fà, àti nígbà tó bá pé ọdún. Iye tó yè ni kí ẹ kọ sí pátákó. Ẹni tó gbin 1,000 tí 40 yè kò ju ẹni tó gbin 60 tí 50 yè lọ o. Níbi mìíràn tiẹ̀ wà tí ẹ ò ní láti gbin ohunkóhun: ojú ọ̀nà omi ló dí fún yanrìn àti pàǹtí, ẹ là á, omi á wọlé, á gbé èso wá fúnra rẹ̀.

Ìjàpá òkun, mo fẹ́ sọ ọ́ ní ṣókí. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń gòkè wá yé ẹyin sínú yanrìn etíkun wa lóru, bí ọgọ́rùn-ún ẹyin nínú ihò kan, ó sì ń tó nǹkan bí oṣù méjì kó tó pa. Ọmọ rẹ̀ ń tọ ìmọ́lẹ̀ orí omi lọ sínú òkun. Tí iná ilé ìjẹun bá mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà títì ni yóò gbà, ilẹ̀ á sì mọ́ bá a níbẹ̀. Iná tí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò, tí ẹ fi páálí bo apá tó kọjú sí òkun, ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Ẹ má sì sanwó fún ẹni tó mú ìjàpá wá kí àlejò lè tú u sílẹ̀. Ọjà lẹ ṣí yẹn. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á lọ ki í mọ́lẹ̀ kí ẹ lè rà á. Ẹ sanwó fún apẹja tó ṣọ́ ihò ẹyin, lórí ihò tó pa, lẹ́yìn tó bá pa.

Òrùlé kí a tó kun ọ̀dà

Ẹ̀yin onílé Ìsàlẹ̀ Èkó àti Pópó Àgùdà, ó kàn yín.

Ilé kan wà ní Tinubu tí ìdílé Fernandez kọ́ ní ọdún 1855, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà tó ti Bírásíìlì padà wálé. Ìdílé Ọlaiya rà á ní 1933, ó di Ìlójó Bar. Ní 1956, wọ́n kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ọgọ́ta ọdún ló fi jẹ́ ohun ìrántí. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, katapílà wó o lulẹ̀. Mélòó ni àlejò tó ti dúró níwájú ilé yẹn rí, tó gbé kámẹ́rà sókè? Mélòó nínú wọn ló ra páànù kan sí i? Orúkọ ohun ìrántí kì í dí ibi tó ń jò.

Ẹ wá wo Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ó dúró. Kí ló mú un dúró? Wọ́n ń kírun nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ wo ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street àtijọ́, tó ti wà láti 1882, tó di ààtàn lẹ́yìn tí wọ́n wó o, kó tó di Freedom Park ní 2010, iṣẹ́ Theo Lawson ayàwòrán ilé. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn, ìtàgé ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n ń lu ìlù níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò fún ilé ẹbí. Ìrìn ẹsẹ̀ méjì lọ́sẹ̀, èèyàn 12 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ₦1,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti òrùlé. Lọ́dún kan, ₦1,248,000. Kò kọ́ ilé, àmọ́ ó tún ojú òrùlé ṣe. Ẹbí á jẹ́ kí àlejò wọ pálọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó wo àjà àti fèrèsé onípákó. Owó kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ Dáwódù nìkan kọjá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú sí mi. Àkàǹtì òrùlé ni, ẹni méjì á fọwọ́ sí i, ọ̀kan láti ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan tó bá jẹ́ méjì.

Bí ẹ ó ṣe ná an ni wọ́n sábà máa ń ṣì ṣe. Gbogbo èèyàn fẹ́ kun ọ̀dà, torí ọ̀dà ni àlejò rí. Òrùlé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn rẹ̀ góńtà etí òrùlé tó ń gba omi òjò, lẹ́yìn rẹ̀ gọ́tà ilẹ̀ tó yí ìpìlẹ̀ ká kí omi má dúró síbẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ikán inú pákó, lẹ́yìn rẹ̀ ògiri. Ọ̀dà kẹ́yìn. Lórí ògiri náà, ẹ ṣọ́ra fún bíríkìlà tó bá ní símẹ́ǹtì lòun máa fi rẹ́ ẹ. Ògiri amọ̀ àti láìmù, ìyẹn ẹfun ìkọ́lé, ń mí. Omi tó bá fà láti ilẹ̀ ń gba ara rẹ̀ jáde. Símẹ́ǹtì dí i lẹ́nu. Omi á há sínú, iyọ̀ funfun á yọ lára ògiri, lẹ́yìn òjò méjì sí mẹ́ta, ìrẹ́ náà á bó sílẹ̀ gbàdà, á sì fa amọ̀ dání. Láìmù àti yanrìn ni kẹ́ ẹ fi rẹ́ ẹ. Ó ń pẹ́ kó tó gbẹ, bíríkìlà á kùn. Ẹ jẹ́ kó kùn.

Ta ló máa wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀?

Ní 2013, Kunlé Adéyẹmí ayàwòrán ilé kọ́ ilé ìwé orí omi kan sí Makoko, ó léfòó lórí àgbá ike 256. Gbogbo ayé wá wò ó. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2016, ẹ̀dà rẹ̀ gba ẹ̀bùn ní ìlú Venice ní Ítálì. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà, òjò ńlá rọ̀, ti Makoko wó. Ọpẹ́ ni pé wọ́n ti kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀. Pákó orí omi fẹ́ àtúnṣe lóṣooṣù: ìdè tó tú, ìṣó tó pọ́n, àgbá tó lu. Owó kíkọ́ máa ń rọrùn rí ju owó títọ́jú lọ, torí kò sẹ́ni tó ń wá ṣí ìdè tuntun lójú kámẹ́rà.

Ohun tó wúwo jù ni mo fi sẹ́yìn yìí. Ní oṣù keje ọdún 2012, àwọn ará Makoko kan gba ìwé pé kí wọ́n kó kúrò láàárín wákàtí 72, wọ́n sì wó ilé. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun máa wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé ó máa gbin ẹ̀gbà? Ṣé ó máa kọ́ ilé ìgbẹ́ olówó ńlá? Kò ní ṣe é, èmi náà ò sì ní ṣe é. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kó àlejò lọ, kí ìwé àdéhùn yín wà pẹ̀lú àwọn baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ àdúgbò, kí ẹ máa kọ iye iṣẹ́ àti owó tó ń ti ibẹ̀ wá sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní ibẹ̀ kò wúlò, ìwé yẹn ni yóò bá wọn sọ̀rọ̀.

Ìyẹn ló mú mi dé orí bébà tí wọ́n ń pín kiri báyìí. Ojú ìlà mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: owó tó sùn ní àdúgbò, ọ̀rá tó jáde àti ọ̀rá tó padà, ohun kan tí wọ́n tún ṣe níbẹ̀. Ẹ rántí ìrìn tí ẹ ṣe kẹ́yìn, ẹ kọ tirẹ̀ síbẹ̀ nísinsìnyí kí a tó gba ìbéèrè; òun la máa fi dáhùn. Ẹni tí kò rántí iye ọ̀rá, kó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kó má parọ́. Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn, ṣé bírò dé ọ̀dọ̀ yín?